Kí Ẹṣin Tó Fà

Nínú igbó Kainuu, Taavetti bàbá mi àgbà
kì í na ẹṣin láàárọ̀.
Gẹdú méjìlá wà lórí ọkọ̀ tí kò ní táyà,
yìnyín ti dì mọ́ ọn nídìí lóru.

Ẹṣin fà díẹ̀, ilẹ̀ dì í mú díẹ̀.
Ó fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ fi kún un
wẹ́kú, bí ẹni ń san gbèsè tí kò fi kọ́bọ̀ lé e.
Ilẹ̀ kì í ṣáájú jà;
iye tí o bá mú wá ni yóò dá padà,
títí agbára rẹ̀ á fi pin.

Bàbá mú òòlù onígi,
ó gbá ìdí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré:
gbì!
"Ó yá, Vilkku."
Ẹrù ṣí nídìí, ó ń yọ̀ lọ,
okùn tó le gan-an lẹ́ẹ̀kan dẹ̀ díẹ̀.
Díẹ̀ ni o. Ilẹ̀ ṣì ń fà á sẹ́yìn.
"Má jẹ́ kó dúró!
Ẹni bá dúró yóò tún owó oníbodè san."

Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ní Oulu,
olùkọ́ kọ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì sójú pátákó:
ti ìjókòó, ti ìrìn.
Ti ìjókòó ló tóbi jù.
Mo rẹ́rìn-ín. Òòlù ni mo gbọ́.