Àtàláátà, Lẹ́yìn Alásàrì

Láti Àjàṣẹ́ dé Ìlọrin, ọkọ̀ kì í lò tó wákàtí kan.
Èmi lo ọdún mẹ́ta lójú ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ ọ́ sẹ́yìn páálí oògùn
lọ́jọ́ tí wọ́n sọ pé ẹ̀dọ̀ mi ti ń ráhùn:
"Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn Gáréèjì Ọ̀fà,
kíláàsì tó kángun sí kànga.
Àtàláátà, lẹ́yìn Alásàrì.
Bí o ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, má sọ. Ṣáà wá."
Mo ká a mọ́ etí ìró bí owó ọkọ̀.
Bí mo bá fẹ́ fọṣọ, mo yọ ọ́; mo tún ká a padà.
Mi ò lọ.

Ta ni n bá sọ fún l'Ájàṣẹ́?
Èmi Múnírátù aránṣọ, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí,
tí búútà kì í kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ mi.
Àwọn oníbàárà á ní, "Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn àlùwàlá!"
N ó ní, "Alihamudulilahi,"
n ó sì gbé e sẹ́nu bí wọ́n bá ti yíjú.
Ògógóró ni. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀.

Ọmọ mi ló gbé e fún bàbá mi lọ́jọ́ kan.
Ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá.
Ó dà á sọ́wọ́. Ó dúró.
Mo ń wo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ń wò mí.
Kò pariwo, kò pe orúkọ mi.
Ó gbé búútà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi yanrìn ṣe tàyámọ́mù,
bẹ́ẹ̀ omi kún àmù.
Ó kírun.

Àtàláátà àkọ́kọ́, mo dé ẹnu géètì.
Mẹ́gáàdì ní, "Ọmọ lẹ wá mú?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ra ọsàn, mo wọkọ̀ padà.
Ìkejì, mo dé ojú fèrèsé, mo gbọ́ ẹ̀rín,
mo ní èmi kọ́ ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín.
Ìkẹta, òjò ló tì mí wọlé.
Ká má purọ́: òjò ni, kì í ṣe ìgboyà.

Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n jókòó lé,
orúnkún àwọn àgbàlagbà ń kan àyà.
Ẹnìkan ò tí ì nu iṣẹ́ ọ̀sán kúrò lójú pátákó:
Ọ̀rọ̀-orúkọ ni à ń fi pe ènìyàn, ẹranko, ibi tàbí nǹkan.
Orúkọ nìkan náà ni wọ́n bi mí.

Gàníyù ọlọ́kadà ní, "Ọjọ́ méjì ni tèmi.
Oṣù tó lọ, mo ti kà á dé ogójì."
Kò sẹ́ni tó pòṣé. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Ó kàn mí. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu láti Àjàṣẹ́ tú ká,
búútà nìkan ló kù. Mo sọ ti búútà.
Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́.
Bàbá Ọlátinwọ, ará Ọ̀fà, tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè,
wúkọ́, ó ní, "Tèmi, inú fìtílà
tí mo fi ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró ni."
Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo rín in títí ó fi di ẹkún,
kò sẹ́ni tó ní kí n yan ọ̀kan.

Dọ́kásì tó jókòó tì mí fún mi ní omi inú ọ̀rá.
Mo fi eyín gé etí rẹ̀ bí mo ṣe ń gé ti ọtí,
ọ̀fun mi ń retí iná.
Omi ni. Omi tútù lásán.

Àwọn kan ń pe ọjọ́ yẹn ní Ìṣẹ́gun.
Èmi ò tí ì ṣẹ́gun nǹkan kan.
Mo fi eérú fọ búútà, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́,
mo sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta.
Lánàá, bàbá mi gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó gbé e kalẹ̀, ó tún wá yanrìn lọ.
Ọjọ́ kọkànlá mi nìyẹn.
Mo ti ká owó ọkọ̀ mọ́ etí ìró.
Àtàláátà lọ́la.