Aṣọ Tó Rántí Òkè

Òkè Àrìn, Òkè Pópó, Òkè Súnà:
ta ló sọ wọ́n lórúkọ yìí ná?
Èmi tí mo ń tún agboòrùn ṣe ní Òkè Pópó
láti ọdún mọ́kànlélógún,
mi ò tíì rí ibi tí mo ti mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó gun nǹkan kan.
Bí òjò bá rọ̀, omi kì í mọ ibi tí yóò ṣàn gbà,
á jókòó sójú títì bí àlejò tí kò mọ̀lé.

Sàùbánà dé ní Àtàláátà kan nínú ọyẹ́,
ó ru àpò tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ.
Mo ní, "Àgọ́ ni?"
Ó ní, "Rárá. Ìyẹ́ ni."
Ó tú u sílẹ̀.
Aṣọ aláwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò tán,
ó kún iwájú ìsọ̀, ó bo gọ́tà,
ó dé ẹsẹ̀ Àlájà Ráfátù tó ń ta òwú lódìkejì,
okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tú àwọ̀n apẹja.
Ó ya níhà ọ̀tún, ibi tó ya gùn tó apá mi méjì.

Ọdún méje ló fi ṣe aláàárù
lẹ́sẹ̀ òkè kan láṣálẹ̀, níbi tí ọkọ̀ já wọn jù sí.
Àwọn tí wọ́n jọ kúrò nílé forí lé òkun.
Òun ń ru ìyẹ́ àwọn òyìnbó gòkè;
wọ́n á fò lọ sísàlẹ̀, òun á fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn,
á tún un rù.
"Mo gun òkè yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ," ló wí,
"ẹsẹ̀ ni mo fi ń bọ̀."
Títí di àárọ̀ tí àgbàlagbà kan nínú wọn, tí orúnkún ń dùn,
sọ pé: Ìwọ, wọ̀ ọ́.

Ó ní, o ò ní fò, sísáré ni wàá sáré,
bí ẹni tí olówó lé jáde nílé,
títí ilẹ̀ á fi tán,
ẹsẹ̀ rẹ á sì tún máa sáré lójú òfìfo.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.
Oòrùn ti yan àpáta, ooru ń gòkè lára rẹ̀,
ojú ò rí i, ìdí ló ń mọ̀ ọ́n.
"Atẹ́gùn ló di àtẹ̀gùn, Bàbá Nọ́fíù.
Mo ń gùn ún, mo ń gùn ún.
Àṣá kan wá, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ."

Mo ní, kí lo wá rí?
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Ilẹ̀. Ó pọ̀.
Mi ò rí ilé."

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi rán an.
Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ̀n ọ́n, iyanrìn ń dà nínú oríkèé rẹ̀,
pupa, ó kúnná bí ata gígún, kì í ṣe iyanrìn ọ̀sà.
Ìyàwó mi gbá a títí ó sú u.
Mo bu díẹ̀ sínú agolo bọ́tìnnì.
Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ó ku ká dán an wò.
A gbé e lọ sórí ilé alájà mẹ́ta kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
láàárín táǹkì omi àti aṣọ tí wọ́n sá.
Mo di ìjánu mú. Ó ní kí n fà á díẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọ àwọn àpò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó dìde dúró lórí mi bí ẹni tó ta jí.
Gìgísẹ̀ mi kúrò nílẹ̀.
Ó ku ọmọ-ìka ẹsẹ̀.
Awodi tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta nídìí, ní iṣẹ́ kúkú yá;
èmi ò re ibì kankan!
Mo figbe ta. Sàùbánà dì mí ní bẹ́líìtì mú,
àwa méjèèjì wó lu táǹkì.

Kò gba ṣéńjì. Ó ká ìyẹ́ rẹ̀, ó ní wọ́n ní òkè wà ní Ìdànrè.

Nísinsìnyí, bí mo bá tún agboòrùn ṣe tán,
tí mo ṣí i wò lẹ́nu ìsọ̀,
mo máa ń kọ́kọ́ fi gìgísẹ̀ wá ilẹ̀
kí n tó gbé e fún oníbàárà.