Alẹ́ Òjò Àkọ́rọ̀

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ jókòó sétí Ẹ̀fìrì,
lábẹ́ Ìsánlú, kí omi rẹ̀ tó dà sínú Oyi,
níbi tí ẹrẹ̀ ti dí ojú ọ̀pá kọnkéré
láti ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ẹ má bi mí pé ta ló pa odò yìí.
Agolo gamalíìnì kan, ọwọ́ mi yìí ló dà á,
lọ́dún tí mo ń wá owó alùpùpù.
Ẹja yí ikùn funfun sókè bí abọ́ tí a fọ̀ tí a dà délẹ̀:
àrọ̀, àbọ̀rí,
àti àwọn wẹ́wẹ́ tí n kò rí tà.
Alùpùpù náà dẹnu kọlẹ̀ kí ọdún tó yí.

Lẹ́yìn náà làwọn tó ń wa wúrà dé.
Wọ́n tú ìsàlẹ̀ odò bí ẹni ń wá òrùka nínú ọbẹ̀,
wọ́n fi òkìtì òkúta sílẹ̀ fún wa, wọ́n lọ.
Omi pọ́n.

Ìbítóyè ló kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì,
tíṣà àgbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.
Ó ní, “Ẹja ò gbàgbé ibi tó ń yé sí. Àwa la ti ilẹ̀kùn.”
A rẹ́rìn-ín. Ó ń kó òkúta.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ìyá Moróunfólú bọ́ bàtà,
ó ní ẹ̀yìn òun ò tún lè tẹ̀ ju bó ti tẹ̀ lọ,
ó ki basíà bọ ẹrẹ̀.
Sálíù, tó ti wa wúrà rí, ló fi ibi tí kòtò wà hàn wá.
Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbin ọparun sí bèbè;
ewúrẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀.
A fẹ́ gba owó ìtanràn, àfi ìgbà tí a gbọ́ pé ewúrẹ́ ọba ni.
A tún ọparun gbìn.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ da májèlé sódò.
Mo tẹríba, mo ń wa ẹrẹ̀.

Alẹ́ yìí, omi ń wọ inú ọ̀pá, ó ń jáde lódì kejì.
Nǹkan kan lu omi: pàá.
Ọ̀pọ̀lọ́ ni bí? Àbí abo àrọ̀ tí ẹyin kún inú rẹ̀,
tó ń wọ́kùn lọ sókè?
Mo pa tọ́ọ̀ṣì.
Ẹni tó ń lọ bímọ, a kì í tanná sí i lójú.
Mo kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: ọ̀kun o.
Ohun yòówù kó jẹ́, kò dáhùn.