Àwọn Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Ń Wá

Mo rà á ní tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Ṣówándé n'Ìjẹ̀bú-Òde,
mo ná an títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Lẹ́tà méjì ti pa rẹ́ lójú bọ́tìnnì,
ṣùgbọ́n ó tàn, kò sì gbóná jù.
Mo gbé e dé Òkè-Sopẹ́n, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
mo ṣí i. Kó tó kí mi,
ó ti ń wá àwọn ẹlòmíràn kiri.

Kì í pariwo. Òrùka kékeré kan ló ń yí
ní igun ojú rẹ̀,
bí ọmọ tí wọ́n mú lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀
tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Odùṣọlá tó ń ta dátà ló fi orúkọ wọn hàn mí.
Mẹ́tàdínlógún. Ó há gbogbo wọn sórí,
pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀kọ̀ọ̀kan:
ilé ìtura kan, ilé ìkàwé, ṣọ́ọ̀ṣì,
pápákọ̀ òfuurufú kan tí ahọ́n mi ò lè pè,
Fóònù Dámọ́lá, Fóònù Dámọ́lá Tuntun,
ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn mìíràn.
Mo ń kà wọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà olónílẹ́tà.
Ta ló ṣàìsàn?

"Èyí tó bá wà lókè ló máa kọ́kọ́ wá," Odùṣọlá wí.
"Ẹ gbé tiyín sókè, Mà, kó mọ olówó ẹ̀."
Tèmi: móòdẹ́ẹ̀mù kan lójú fèrèsé
tó máa ń sùn bí òjò bá ti ṣú.
Mo gbé e sókè.
Àwọn yòókù, mo ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
Gbàgbé. Ó bi mí, ṣé ó dá mi lójú?
Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ìtura lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Dámọ́lá lọ,
Dámọ́lá Tuntun tẹ̀lé e.
Ìgbàgbé ò rọrùn fún mi báyìí rí,
èmi tí nọ́ńbà olóògbé ọkọ mi
ṣì ń bọ́ lẹ́nu mi níbi tí wọ́n ti ń béèrè tèmi.

Ó wá ku ẹyọ kan nísàlẹ̀ pátápátá:
IleIyaAgba. Kò lámì, kò lálàfo.
Ọwọ́ mi dúró.
"Mà, ẹ parí ẹ̀."
Mo ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ló ń jẹ?

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Òkúdù, òjò ti lu móòdẹ́ẹ̀mù pa sórun,
èsì ìdánwò ilé-ìwé wa
sì gbọ́dọ̀ dé Abẹ́òkúta kí aago mẹ́rin tó lù.
Mo fi kọ̀ǹpútà sábíyá, mo gun ọ̀kadà,
à ń lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sọ́nà Òkè-Àgbò.
Taya jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lagi.
Mo jókòó sórí gẹdú tútù kan, mo ṣí i.
Ó wá tèmi, kò rí i.
Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀.
Òrùka yí lẹ́ẹ̀kan péré, ó dúró.
Ó ti wọlé. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ aṣínà.

Mo gbójú sókè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan,
páànù rẹ̀ ti pọ́n, bùbá kan ń gbẹ lójú fèrèsé òkè.
N ò lè búra pé òun ni.
Ìyá àgbà pọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mo fi èsì ránṣẹ́. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta
gba inú ilé onílé kọjá lọ,
títí kan Káṣìmáawò tó gba òdo nínú ìṣirò.
Mo ka gbèsè mi: mẹ́gábáìtì méjì.
Mo kí ilé náà láti ojú títì, "Ẹ kúulé o!"
Bùbá mì. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn.

Ọlọ́kadà ti lẹ taya. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀,
n ò pa kọ̀ǹpútà dé.
Ó dì í mú, ó dì í mú,
títí a fi yà ní kọ́nà,
kí òrùka tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.