Má Yà Wọ́n

Òjò ń lu òrùlé síléètì lọ́jọ́ náà
bó ti ń lù ú ní Blaenau láti ìgbà ìwáṣẹ̀,
nígbà tí Heulwen wọlé, tó gbọn agbòjò rẹ̀,
tó gbé ẹ̀rọ èéfín rẹ̀ kalẹ̀ síwájú mi
bí ẹni gbé ọmọ tára rẹ̀ ò yá fún nọ́ọ̀sì.
Oṣù méje rèé tí sìgá ti kan ètè rẹ̀ kẹ́yìn.
"Gethin, ọ̀kan ti kú nínú àwọn méjèèjì.
Ta ọ̀kan péré fún mi. Owó ọ̀sẹ̀ yìí ò tó nǹkan."

Mo ní rárá.
Mo mọ̀ pé bí ẹnu oníṣòwò ló ṣe dún.

Bátìrì méjì tí ń gbé inú ẹ̀rọ kan,
ẹrù kan ni wọ́n jọ ń rù.
Bó o bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó,
èyí tó gbó á tètè rẹ̀,
tuntun á máa fà á, á máa fà á,
títí ara á fi gbóná,
títí ohun tó wà nínú agolo tín-ín-rín yẹn
á fi wá ọ̀nà àbáyọ.
Bi Iorwerth tí ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé:
ó kó ọ̀kan sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́,
ó jó o nítan.
Ọ̀sẹ̀ méjì, awakọ̀ tí kò lè jókòó!

Mo kó wọn jáde, aláwọ̀ ewé, elésè àlùkò.
Èyí tó kọ nọ́ńbà gàgàrà sára,
mo ní kó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.
"Ṣé o rí i bó ṣe fúyẹ́? Òpùrọ́ ni.
Àgbá òfìfo ni.
Èyí tó ní ogún áńpíà péré lòun lè gbé,
tó sì gbé e lóòótọ́, òun ni kó o mú lọ sílé.
Ọjọ́ kan náà ni kó o rà wọ́n.
Ṣáájì wọn pọ̀, lò wọ́n pọ̀,
bí rọ́bà ara ọ̀kan bá ya, ì báà ṣe bí èékánná,
dá méjèèjì padà fún mi.
Má yà wọ́n, Heulwen."

Kò sọ̀rọ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra àwọn ògbólógbòó.
Ìgbà náà ni mo rí i:
lẹ́tà H lára ọ̀kan, I lára èkejì.
Idwal ló kọ wọ́n, lọ́jọ́ tó rà wọ́n fún un
pé kó fi sìgá sílẹ̀,
pé ẹ̀dọ̀fóró tòun tí eruku síléètì jẹ ti tó fún ilé kan.
"H ló kú," ló wí. "I ṣì ń ṣiṣẹ́.
Ọkùnrin yẹn! Ó ti wà ní itẹ́ láti oṣù kejì,
ó ṣì fẹ́ pa mí láyò."
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ ibi tí ǹ bá wò.

Mo tú dúrọ́ọ̀ títí mo fi rí tọ́ọ̀ṣì kékeré kan,
bátìrì kan ṣoṣo ni ikùn rẹ̀ gbà.
Mo yẹ I wò: rọ́bà ò ya, fólítì rẹ̀ pé.
Mo tì í wọlé. Iná tàn sára ògiri.

Ó san owó ọ̀kan, ó ní ìkejì di ọjọ́ Ẹtì.
Lẹ́nu ọ̀nà ó gba bírò mi,
ó kọ H sára àwọn tuntun méjèèjì,
ó tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan,
ó sì bọ́ sínú òjò.