Ilẹ̀ Mọ́

Ìyá ìyá mi, Hinekura, kò kọ ìtàn sílẹ̀.
Ìwé wàrà ló kọ:
gálọ́ọ̀nù mélòó láàárọ̀, mélòó lálẹ́,
màlúù wo ló ń tiro, èwo ló fẹsẹ̀ gbá korobá dànù.
Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rá ṣì wà lára ojú ewé rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀:
"Lónìí ní Waikōtare, wọ́n ka orúkọ àwa tí a ni ilẹ̀.
Ọ̀tàlérúgba ó dín mẹ́ta.
Ó lé ní ìdajì tó ti kú."
Òkú kì í mú àdá. Òkú kì í tọwọ́ bọ̀wé.
Báńkì sì bi alààyè pé:
nínú gbogbo yín, èwo gan-an ni ìwọ?
Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mu ń hù, tí mánúkà ń ga,
tí àwọn tó gba ìyókù lọ́wọ́ wa
ń gẹṣin kọjá lójú títì, wọ́n ń wí pé ilẹ̀ ọ̀lẹ nìyẹn.

Ìjọba kó wáyà dé. Ó kó irúgbìn koríko dé.
Gbèsè jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù kan náà,
kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀.

Paratene ọkọ rẹ̀ àti ọkùnrin mẹ́tàlá
bẹ́ igbó látìgbà òtútù títí ooru fi dé.
Nínú oṣù Kejì wọ́n ṣáná sí i.
Ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan.
Wọ́n fọ́n irúgbìn sínú eérú tí kò tíì tutù,
àtẹ́lẹ̀ bàtà Hākopa yọ́, ó sáré wọ odò.
Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Òkè hu irun tútù.
Ohun tó kọ lọ́jọ́ náà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ:
"Ilẹ̀ mọ́."
Títí di òní n kò mọ̀
bóyá àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń sọ ni, tàbí oko.

Màlúù mẹ́rìndínlógún. Ọmọ mẹ́rin.
Kí ẹyẹ tó fọhùn, wọ́n ti wà lábẹ́ ọmú;
ìyá mi ń sùn lórí tábìlì ilé ìwé,
olùkọ́ ń pè é ní olódo.
Tí oòrùn bá pa ọ̀rá wàrà létí títì,
ilé iṣẹ́ bọ́tà á ní ó ti kan,
ṣílè mẹ́rin á yọ lára owó.

Ọ̀gbẹ́ni Lorimer alábòójútó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ́ńsù létí,
ó ka àgùntàn, ó ka òpó, ó ka adìyẹ pàápàá.
Ọjọ́ tí ìyá Paratene kú,
wọ́n pa àgùntàn mẹ́ta fún àwọn tó wá sunkún.
Lorimer ní: Ta ló fọwọ́ sí i?
Hinekura ṣí ìwé ìjọba, ó nàka sí i:
"Orúkọ kọkàndínlógún. Òun ló wà nínú pósí yẹn.
Tirẹ̀ ló fi ṣe àlejò."
Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Kò kọ nǹkan kan.
Lọ́sẹ̀ kejì, ó yọ owó àgùntàn mẹ́ta.

Ọdún mọ́kànlélógún ni gbèsè fi bá wọn jẹun.
Ìgbà tí irun àgùntàn gbówó lórí ló tó dìde nídìí àwo.
Àwọn ọmọ ti bá ti ìlú lọ nígbà náà.
Òjò ńlá kan wá dé; òkè tí a ti tú láṣọ
ya lójijì, ó wọ odò tòun ti wáyà.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń fún wàrà ẹgbẹ̀ta màlúù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀,
àwa onílẹ̀ sì ti di ẹgbàajì.
Ìpín tèmi lọ́dún tó kọjá ra bàtà rọ́bà kan.
Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé.
Níbẹ̀ la ti dìbò pé kí a gbin igi sára òkè tó ya,
kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú, kí oyin lè wà.
Igi wo? Mánúkà.
A fowó rà á, nínú ike kéékèèké.

Mo ṣí ìwé wàrà sí ojú ewé òfìfo tó kẹ́yìn, mo kọ ọ́:
mánúkà, ẹgbẹ̀rún méjì, a ti sanwó.
Mo dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìbáwí.
Màlúù kan ké níta. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀.