Iye Tó Kù

Láti Purmamarca ni bàbá mi ti gbójú lé abẹ́rẹ́ náà,
abẹ́rẹ́ pupa tín-ín-rín lẹ́yìn gíláàsì tó ti sán,
tí kì í rán aṣọ, tí kì í gún ẹnikẹ́ni,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó.

"Àádọ́rùn-ún," ni ó wí.
Mo ní mo gbọ́.
Píjò yìí dàgbà ju àbúrò mi Rolando lọ,
ilé kékeré onítáyà méjì tí a so mọ́ ọn nídìí sì wúwo
ju bí ẹni tó tà á fún wa ṣe búra lọ:
bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan, gálọ́ọ̀nù omi mẹ́fà,
àti àga àkájọ màmá mi, tí bàbá kọ̀ láti fi sílé
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jókòó sí i kò sí mọ́.

Òkè Lipán kì í ṣe òkè tí ènìyàn ń sáré gùn.
Ó ń yí, ó ń lọ́, ó ń padà wo ẹ̀yìn ara rẹ̀
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.
Ní kọ́nà keje mo já gíà sí ìkejì,
ilé kékeré ń fà wá sẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ re ilé-ìwé.

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún."

Ọgbọ̀n ọdún ni Eleuterio Vilte fi ń tún ọkọ̀ akẹ́rù iyọ̀ ṣe.
Kò ka ohun tó pé sí. Ohun tó kù ló ń kà.
"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."
Bí èyí tó kù ṣe ń dín ni ẹ̀rù ń pọ̀.

Òun ń ṣọ́ abẹ́rẹ́. Èmi ń ṣọ́ òun.
Dókítà Ábalos ti pè mí sí kọ̀rọ̀:
ọkàn rẹ̀ dà bí páǹpù omi tó ti jẹ, kó má gun òkè.
Mo sọ fún un. Ó ní, ṣé dókítà ló ra mọ́tò ni?
Nítorí náà mo ń wo ètè rẹ̀, bóyá ó ń ṣú,
mo ń ka èémí rẹ̀ láti kọ́nà kan sí èkejì.
Kò sí abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀.

"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Tan híta."
Bàbá, oòrùn ti ń yan wá nínú mọ́tò yìí!
"Tan án. Jẹ́ kí ooru rẹ̀ di tiwa."
Mo tan án. Ó ya bò wá lẹ́sẹ̀,
pẹ̀lú òórùn eruku àtijọ́ àti epo. A yí gíláàsì wálẹ̀,
òógùn ń ṣàn lójú wa bí ẹni ń sunkún láìbánújẹ́.
Abẹ́rẹ́ dúró. Ó ronú. Kò sọ̀ kalẹ̀.

Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo sáré lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
"Má fọwọ́ kan ọmọrí yẹn!"
Igbe náà ga ju ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lọ.
"Lókè yìí omi kì í dúró de ọgọ́rùn-ún kó tó hó.
Ẹni bá kánjú ṣí i, ojú rẹ̀ ni yóò fi sanwó."

Ó gbé àga màmá jáde fúnra rẹ̀,
ó jókòó sí i. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.
Ó fi ewé kókà sẹ́nu, ó fún mi ní díẹ̀.
Lámà mẹ́ta wò wá, wọ́n rí i pé a kò mú nǹkan bọ̀, wọ́n lọ.
Rédíétọ̀ ń kùn, ó ń rojọ́, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó yá ó nawọ́ sí mi láìwojú mi.
Mo rò pé omi ló fẹ́.
"Kà á," ni ó wí, ó gbé ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ lé itan mi.
"Láti Purmamarca lo ti ń wò mí, Zulma. Ṣé o rò pé mo fọ́jú?"
Mo kà á. Iṣan náà ń lù, ó fo ọ̀kan, ó ń lù.

"Mélòó?"
Mo pa irọ́ kékeré kan.
Ó rẹ́rìn-ín. "Iye tó kù ni mo bi ọ́."
Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti dìde, ó ń ká àga.